Ojú Tí Kámẹ́rà Ń Wá: Ọmọ Yorùbá Nínú Ayẹyẹ Pride Lókè Òkun

Ní London, ọjọ́ Sátidé kan wà lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, tí wọ́n máa ń ti títì Piccadilly pa. Mọ́tò kì í kọjá. Láti àárọ̀ ni àwọn tí yóò wọ́de ti ń tò sí tòsí Hyde Park Corner: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn panápaná, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn arúgbó tó ti ń rìn ín láti ìgbà èwe. Ìlù ń dún, fèrè ń dún, àsíá aláwọ̀ mẹ́fà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè orí gbogbo wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà kò lè ṣàì rántí òde àríyá nílé, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àga dí títì láti ìdájí. Àfi pé ní Piccadilly, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí olóde.

Láàárín èrò náà, ẹ ó rí àsíá Nàìjíríà, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí ẹnì kan ta mọ́ ọrùn bí ìborùn. Ẹ tẹjú mọ́ àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Bí ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà bá gbé fóònù sókè, àwọn kan nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na ọwọ́ sókè. Àwọn mìíràn á yí ojú sápá kejì wéré. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kun ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹlòmíràn wọ awò dúdú ńlá. Ẹlòmíràn fa fìlà wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn mọ̀ pé fọ́tò kan ṣoṣo lórí WhatsApp lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Ìbàdàn kí ìwọ́de tó dé Trafalgar Square.

Bíbo ojú níbi Pride, ayẹyẹ tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ràn obìnrin dá sílẹ̀ kí ayé lè rí wọn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, bí ẹgbẹ̀rin ènìyàn wọ́de ní Johannesburg, nínú èyí tí a mọ̀ sí ìwọ́de Pride àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Simon Nkoli àti Beverley Ditsie wà lára àwọn tó léwájú. Àwọn kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi àpò bébà bo orí, wọ́n lu ihò méjì sí i kí wọ́n lè ríran. Wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Yorùbá kò ṣàì mọ irú rẹ̀: ẹni tó wọ ẹ̀kú eégún ní orúkọ, ní ìyá, ní ìyàwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ pe orúkọ yẹn nígbà tí eégún bá wà lójú agbo. Ẹni tó ń rìn ní Piccadilly kò ní ẹ̀kú. Ọ̀dà ojú ni tirẹ̀, òógùn lásán sì lè wẹ̀ ẹ́ dànù.

Ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Piccadilly ń sá fún ní orúkọ, ó ní ọjọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá wọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni òfin náà parí sí, ṣùgbọ́n abala kẹrin rẹ̀ ka ẹgbẹ́ léèwọ̀, ó ka ìpàdé léèwọ̀, ó sì dárúkọ ìtọ́wọ̀ọ́rìn pàápàá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló so mọ́ kíkó ẹgbẹ́ jọ tàbí bíbá wọn kópa. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn panápaná London ń ṣe pẹ̀lú ìlù àti fèrè ní ọjọ́ Sátidé yẹn, òfin Nàìjíríà dìídì wá ọ̀rọ̀ kan láti fi dè é.

Òfin nìkan kọ́ ló sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin ní Nàìjíríà ń bá ara wọn sọ: kito. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti kito ẹnì kan, ó túmọ̀ sí pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàn án lórí fóònù, wọ́n pè é wá sí ibì kan, àwọn jàǹdùkú sì yọ sí i níbẹ̀. Wọ́n á lù ú, wọ́n á bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n á yà á sí fídíò, wọ́n á sì máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kí fídíò náà má baà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà gan-an ni kùmọ̀ wọn. Àwọn agbófinró náà sì mọ̀ ọ́n lò: nígbà tí ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2018, tí wọ́n kó ọkùnrin 57, wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn kí ayé wò wọ́n. Mẹ́tàdínláàádọ́ta, 47, ni wọ́n gbé lọ sílé-ẹjọ́. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kò kó ẹlẹ́rìí wá. Ojú àwọn ọkùnrin yẹn kò ṣeé dá padà.

Nílé, ohun tí ènìyàn máa ń gbọ́ ni pé àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, òyìnbó ló kó o wá. Ó yẹ ká sọ ọ́ kedere pé òfin ni òyìnbó kó wá. Láti ọdún 1533, ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin tó ń pa ọkùnrin nítorí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin. Àwọn amúnisìn gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sì ni wọ́n kọ sí i. Ní ọdún 1967, ilẹ̀ England àti Wales yọ ọwọ́ nínú ti wọn. Ọdún méje ṣáájú ìgbà náà ni Nàìjíríà ti gba òmìnira, ó sì ti gbé ti tirẹ̀ pamọ́ sínú àpótí bí ogún bàbá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014 Abuja fi kún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin méjì-méjì àti obìnrin méjì-méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ní London.

Àwọn ará London kò kúkú rí tiwọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọlọ́pàá New York ya wọ Stonewall Inn, ilé ọtí kan tí irú wọn máa ń péjọ sí ní òpópónà Christopher, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ kọ̀ láti máa bá wọn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ìwọ́de ṣe ìrántí rẹ̀. London gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1972. Wọn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé Hyde Park, wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu ní gbangba, ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú wọn nígbà náà. Ted Brown, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣètò ka èrò tó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ọ̀dọ́kùnrin òṣèré kan láti Mushin jókòó sórí àga nínú ètò New Dawn tí Fúnmi Ìyàndá ń ṣe lórí NTA. Bísí Àlímì ni orúkọ rẹ̀. Níwájú kámẹ́rà, ní ojúmọmọ, ó sọ pé ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin ni òun. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọn kò jẹ́ kí ètò náà máa jáde tààrà mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ gbẹ lọ́wọ́ Bísí, ọ̀rẹ́ sá. Ní ọdún 2007, àwọn kan ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n lù ú, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Ó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí London, ibẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà náà. Ẹni tó bá rí i níbi ayẹyẹ Pride níbẹ̀, tó ń rìn láìbo ojú, kó má rò pé ìgboyà rẹ̀ ju ti ẹni tó kun ọ̀dà lọ. Ó ti san owó tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ní Èkó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ ni ọ̀rọ̀ pépà.

Kí ọdún 2010 tó dé, ìdáhùn tí ìjọba Britain sábà máa ń fún ẹni tó bá sá dé láti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni pé kó padà sílé, kó sì máa fi ìwà rẹ̀ pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ta ni yóò fìyà jẹ ẹ́? Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2010, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ nílẹ̀ Britain da èrò yìí nù nínú ẹjọ́ ọkùnrin méjì, ọ̀kan láti Iran, èkejì láti Cameroon. Àwọn adájọ́ ní kò sí òfin tó lè ní kí ènìyàn fi ara rẹ̀ pamọ́ títí ọjọ́ ikú nítorí kí wọ́n má baà pa á. Ìdájọ́ rere ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan lọ, òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọn kò bi ọ́ mọ́ bóyá o lè bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń bi ọ́ bóyá òótọ́ ni.

Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìfẹ́ tó ti fi ogún ọdún pamọ́ hàn fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jókòó sẹ́yìn tábìlì? Ẹni tó dàgbà ní Oṣògbo tàbí ní Abẹ́òkúta, tó mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lè ba ayé òun jẹ́, kò tọ́jú lẹ́tà, kò ya fọ́tò, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní London tàbí Manchester, agbẹjọ́rò rẹ̀ á wá ní kó kó ẹ̀rí wá. Lára ohun tí àwọn ènìyàn ń kó wá ni lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, àti fọ́tò tí wọ́n yà níbi Pride, ojú gedegbe, àsíá lọ́wọ́. Fọ́tò tí wọ́n ń sá fún ní Piccadilly nítorí Ìbàdàn náà ni fọ́tò tí wọ́n nílò nítorí Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá fi ojú hàn, ilé lè gbọ́. Bí wọ́n bá bo ojú, ìjọba lè ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé tó bá ń rí àwọn tó ń jó yẹn bí aláfẹ́ lásán, kó gbé èyí yẹ̀ wò kó tó sọ̀rọ̀.

Adérónkẹ́ Àpáta mọ bí ó ti rí. Ọdún 2004 ló dé ilẹ̀ Britain láti Nàìjíríà. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ààbò, wọ́n kọ̀. Wọ́n tì í mọ́ Yarl's Wood, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ lé lọ pamọ́ sí. Nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga ní London ní ọdún 2015, agbẹjọ́rò ìjọba ní obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé, tó sì ti bímọ, kò lè jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ràn obìnrin. Obìnrin Yorùbá wo ló wà nínú ìran rẹ̀ tí wọn kò fi dandan fún láti lọ́kọ? Adájọ́ kò gba Àpáta gbọ́. Ní ọdún 2017, ọdún 13 lẹ́yìn tó dé, wọ́n fún un ní ìwé ààbò. Láàárín ìgbà tó ń retí, ó ti dá ẹgbẹ́ African Rainbow Family sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 2014 fún àwọn tó wà nínú irú wàhálà rẹ̀. Ní ọdún 2022, ó di agbẹjọ́rò.

Òmíràn tún wà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọmọ Nàìjíríà kan tọrọ ààbò ní orílẹ̀-èdè Hungary, ó ní nítorí pé òun ń fẹ́ràn ọkùnrin ni. Ilé-ẹjọ́ kò dárúkọ rẹ̀. Lẹ́tà F ni wọ́n fi ń pè é. Ìjọba Hungary gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn kan kó dán an wò. Wọ́n fi àbàwọ́n yíǹkì hàn án, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí níbẹ̀. Wọ́n fún un ní bébà, wọ́n ní kó ya àwòrán ènìyàn nínú òjò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àyẹ̀wò kò fi hàn pé òótọ́ ló ń sọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kò tọ́ láti fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wá ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ràn. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú kan kó fi ojú inú wo ọkùnrin yẹn pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, tó ń ronú bí yóò ṣe ya òjò tí yóò fi rí ibi gbé.

Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, àwọn ọmọ wa mìíràn ti wà nílẹ̀ Britain. Justin Fashanu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ wá láti Guyana, ni agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ra ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ún, nígbà tí Nottingham Forest gbà á ní ọdún 1981. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan pé òun ń fẹ́ràn ọkùnrin. Ìbínú tó tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ dùn ún ju ti orí pápá lọ. Ted Brown, ọkùnrin ọjọ́ Hyde Park yẹn, wà lára àwọn tó dìde gbèjà rẹ̀. Fashanu kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ẹni ọdún 37. Orúkọ Ifá ló ń jẹ́, orúkọ yẹn ni wọ́n sì kọ sínú àkójọ àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England ní ọdún 2020.

Rótìmí Fani-Káyọ̀dé ní tirẹ̀ kò bo ojú, ó sì kọ́ àwọn mìíràn bí a ṣe ń wo ojú. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1955, ọmọ Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, igbákejì olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un, tó tún jẹ́ Balógun Ifẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní ọdún 1966, ìdílé náà sá lọ sí Brighton. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá ń gbé ní Brixton, níbi tó ti ń ya fọ́tò. Ó kọ̀wé ní ọdún 1988 pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ àjèjì: nítorí ẹni tí òun ń fẹ́ràn, nítorí ilẹ̀ tí òun ti kúrò, àti nítorí pé òun kò di irú ọmọ olówó oṣù, ọlọ́lá, oníyàwó tí àwọn òbí òun retí. Nínú fọ́tò rẹ̀, ìhòòhò ọkùnrin dúdú àti orí idẹ Ifẹ̀ jọ wà nínú férémù kan. Ó máa ń rán àwọn òǹwòran létí pé ilé òun ni ilé àwọn olùtọ́jú ojúbọ òrìṣà. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, Autograph, sílẹ̀ ní ọdún 1988. Oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni ó kú, kò tíì pé ọdún 35. Autograph ṣì wà ní Shoreditch títí di òní, ẹni tó bá wá London fún Pride lè yà síbẹ̀.

Ṣé ìwọ́de ńlá London yẹn ń gba gbogbo wọn tọwọ́tẹsẹ̀? Rárá o. Láàárín àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń rí i pé wọ́n ń ya àwọn ní fọ́tò, wọn kò bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá gan-an kí wọ́n tó bi wọ́n ní orúkọ. Láàárín àwọn ará ilé ní Peckham, àdúgbò tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní London, wọ́n tún ń fi ara pamọ́. Ìdí nìyí tí Phyll Opoku-Gyimah, obìnrin ọmọ Gánà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lady Phyll, fi kó àwọn obìnrin dúdú sínú bọ́ọ̀sì ní ọdún 2005 lọ sí etíkun Southend. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni wọ́n pè é, oúnjẹ, orin àti afẹ́fẹ́ òkun. Ìrìn-àjò yẹn ló di UK Black Pride. Láti etíkun, ó bọ́ sí Vauxhall, ó bọ́ sí Haggerston Park, ó sì dàgbà títí pápá ńlá Queen Elizabeth ní Stratford fi gbà á.

Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí Piccadilly kò ní. Òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti adìyẹ Jàmáíkà. Wọ́n ń lu orin Áfúróbíìtì, orin Èkó gan-an, èyí tí àwọn ìbátan wọn ń jó sí níbi ìgbéyàwó tí wọn kò pè wọ́n sí. Gèlè ń tàn lórí ẹni tí ìyá rẹ̀ lè máà mọ̀ pé ó mọ gèlè wé. Ojú tí wọ́n ń bò nínú ìwọ́de sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹni tó gbé fóònù sókè níbí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lady Phyll fúnra rẹ̀ kọ oyè tí ìjọba Ọbabìnrin fẹ́ fún un ní ọdún 2016. Ó ní òun kò lè gba oyè ìjọba tí òfin tó fi sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ṣì ń fìyà jẹ irú àwọn bí òun.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá kan bá fẹ́ kí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, kí inú rẹ̀ sì wá dùn, São Paulo ní Brazil ni kó lọ. Ìwọ́de tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997 pẹ̀lú bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn. Ní ọdún 2006, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ka mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Avenida Paulista ni wọ́n ń gbà, tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dí láti ìsàlẹ̀ dókè, tó jẹ́ pé àyà ènìyàn ni ìlù náà ń lù. Nínú ariwo yẹn, bó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa sí àwọn tí wọ́n ń pè ní travesti, àwọn tí a bí bí ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀. Odara, wọ́n á wí, nígbà tí nǹkan bá dára. Otim ni ọtí wọn. Ajeum ni oúnjẹ. Ocó ni ọkùnrin, ìyẹn ọkọ wa tó kọjá òkun tó sì di gbogbo ọkùnrin. Edi ni ìdí, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Pajubá ni wọ́n ń pe èdè yìí. Nígbà tí ayé kò gba àwọn travesti, ilé òrìṣà gba ọ̀pọ̀ wọn. Nínú ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, èdè Nàgó, Yorùbá tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bahia, ni wọ́n fi ń kí òrìṣà, òun ni wọ́n fi ń pe oúnjẹ àti omi. Àwọn travesti kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde lọ sí títì, wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ayé ìjọba ológun kí ọlọ́pàá má baà gbọ́. Kí èdè wa di ààbò fún àwọn tí wọn kò ní ààbò mìíràn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ibi tí Ọ̀yọ́ wà lórí máàpù, ohun tó yẹ kí a gbọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni. Ní ọdún 2018, ìbéèrè kan lórí pajubá jáde nínú ENEM, ìdánwò tí mílíọ̀nù àwọn ọ̀dọ́ Brazil ń ṣe láti wọ yunifásítì. Jair Bolsonaro, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ nígbà náà, bínú sí i gan-an. Ìbéèrè náà ti jáde.

Ká má sì purọ́, Brazil kì í ṣe ọ̀run. Ilé-ẹjọ́ wọn gba àjọgbé akọ sí akọ ní ọdún 2011, ìwọ́de wọn sì tóbi, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń pa travesti jù lọ láyé. Ẹni tó ń jó lórí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́sàn-án lè má rí ọ̀nà délé lóru.

Ní Salvador, olú-ìlú Bahia, ilé òrìṣà àtayébáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Òṣùmàrè. Àwọn ọmọ òrìṣà níbẹ̀ sọ pé Òṣùmàrè a máa jẹ́ akọ fún apá kan ọdún, a sì máa jẹ́ abo fún apá kejì. Àlàyé Bahia nìyẹn, kò pọn dandan kí àwọn babaláwo Ifẹ̀ fọwọ́ sí i. Àsíá aláwọ̀ mẹ́fà tó ń fẹ́ ní London àti ní São Paulo, Gilbert Baker àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rán an ní San Francisco ní ọdún 1978. Àwọ̀ mẹ́jọ ló kọ́kọ́ ní, ọwọ́ ni wọ́n sì fi pa aṣọ náà láró. Kò sẹ́ni tó ní láti purọ́ pé Ilé-Ifẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbé e lọ́wọ́, òṣùmàrè ló gbé, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti tọ́ka sí i fún un lójú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Bí alẹ́ bá lẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ní London, tí wọ́n ṣí títì padà, bọ́ọ̀sì 12 á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti àárín ìlú lọ sí Peckham. Ẹ wo ìjókòó òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi aṣọ tútù nu ojú. Ọ̀dà pupa, ọ̀dà ewé, ń kúrò léréke. Ẹnì kan ń ṣẹ́ àsíá rẹ̀ kékeré sínú báàgì, lábẹ́ Bíbélì tí yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ẹnì kejì ń pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dé orí èyí tó dára jù, ó dúró, ó fi ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò rẹ̀ dípò kó pa á rẹ́. Fóònù ẹnì kẹta á dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti ilé.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí ló dé tí ariwo pọ̀ tó báyìí níbẹ̀?"

"Òde kan la ti ń bọ̀, mà."

"Òde ta ni?"